Mùsùlùmí Tí Ìlú Ọba Bí

Ní oṣù Keje ọdún 1894, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan bá àwọn ará Èkó ṣí mọ́ṣáláṣí. Abdullah Quilliam ni orúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ni ní Liverpool, ó sì ti gba Ìsìláàmù ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ló rán an níṣẹ́ pé kó wá fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá, ọlọ́rọ̀ tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí ará Èkó ń pè ní Shitta-Bey títí di òní. Àwọn Mùsùlùmí Èkó gba àlejò wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Nílé, nǹkan kò rọrùn fún un bẹ́ẹ̀: ibi ìjọsìn tó dá sílẹ̀ ní Liverpool, òkò ni àwọn aládùúgbò ń jù lù ú.

Ẹni tó bá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìlú Ọba lónìí yóò rò pé àná ni Ìsìláàmù dé ibẹ̀, pé inú àpótí àwọn òbí tó ṣí wá láti Pakísítánì àti Bangladéṣì ló ti jáde, àti pé ọ̀rọ̀ tó kù kò ju kí àwọn ọmọ yan ọ̀kan lọ: kí wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí wọ́n di ti baba wọn mú. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn ìlànà ọ̀pọ̀-àṣà àti àwọn tó kórìíra rẹ̀, èrò mi sì yàtọ̀ sí ti apá méjèèjì. Irú Mùsùlùmí tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jẹ́, wọn kò jogún rẹ̀ láti abúlé kankan. Ìlú Ọba ló mọ ọ́n, látinú òfin rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, owó ìrànwọ́ kánsù rẹ̀ àti ìbẹ̀rù rẹ̀. Àwọn ọmọ náà sì fi ọwọ́ ara wọn parí iṣẹ́ tó kù.

Iṣẹ́ ni àwọn baba wá ṣe. Àwọn atukọ̀ ará Yẹ́mẹ̀n ti ń gbé ní Cardiff àti South Shields kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun kejì, àwọn ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ ní Bradford àti Oldham ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ òru, nítorí àwọn òyìnbó kò fẹ́ ẹ mọ́. Nígbà tí ìjọba Pakísítánì kọ́ ìdídò Mangla ní àwọn ọdún 1960, omi bo ilé àti oko àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000 ní agbègbè Mirpur, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gba ìwé iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Sylhet, tí wọ́n ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, fìdí kalẹ̀ sí ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní Brick Lane níbẹ̀, ilé kan wà tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá kúrò ní Faransé kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1743. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì lò ó, àwọn Júù sọ ọ́ di sínágọ́gù, ó sì di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Púpọ̀ nínú àwọn baba náà rò pé àwọn yóò padà sílé. Mọ́ṣáláṣí wọn kéré, èdè abúlé wọn ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọn kì í sì í pariwo.

Ohun tí ìjọba fi pàdé wọn ni a wá ń pè ní ìlànà ọ̀pọ̀-àṣà. Kánádà ní òfin tirẹ̀ tó dá lórí rẹ̀, wọ́n ṣe é ní 1988. Ìlú Ọba kò ní irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Roy Jenkins, mínísítà ètò abẹ́lé, sọ ní oṣù Karùn-ún 1966 ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí: kò fẹ́ kí wọ́n lọ àwọn àlejò pọ̀ di ẹyọ ìyẹ̀fun kan náà; ó fẹ́ kí wọ́n ní àǹfààní dọ́gbadọ́gba, kí àṣà wọn wà, kí onílé àti àlejò sì máa fara da ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kánsù àwọn ìlú kéékèèké ló sọ ọ́ di iṣẹ́, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe é ni pé wọ́n wá àwọn àgbààgbà kan, wọ́n pè wọ́n ní aṣojú àwọn ènìyàn wọn, wọ́n sì ń gba ọ̀dọ̀ wọn fún owó àti ìmọ̀ràn. Ní Bradford, kánsù ran ìgbìmọ̀ àwọn mọ́ṣáláṣí lọ́wọ́ láti dìde ní 1981. Láìpẹ́, ẹran tí a pa ní ìlànà Ìsìláàmù wọ inú oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, ariwo sì ta. Ray Honeyford, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ ní 1984 pé ìlànà yìí ń pa àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ Éṣíà fúnra wọn lára. Àwọn òbí gbógun tì í, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Òfin ni kò bá àwọn Mùsùlùmí rìn. Òfin ìbáṣepọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ṣe ní 1976 dáàbò bo ẹ̀yà, kò mẹ́nu ba ẹ̀sìn. Ní 1983, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan kọ̀ láti gba ọmọkùnrin ẹlẹ́sìn Sikh nítorí láwàní rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ẹ̀yà ni àwọn Sikh, òfin sì bò wọ́n. Àwọn Júù náà wà lábẹ́ ààbò náà. Mùsùlùmí kò sí níbẹ̀, nítorí Mùsùlùmí wà nínú gbogbo ẹ̀yà. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó lé ará Pakísítánì dànù nítorí àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ̀bi. Bó bá ní nítorí pé ó ń kírun ni, ó lè mórí bọ́. Oṣù Kejìlá 2003 ni òfin tó dènà irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Fún ogún ọdún gbáko, ìjọba ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé ohun tí wọ́n jẹ́ jùlọ kò sí nínú ìwé. Kí ló wá yani lẹ́nu tí wọ́n fi gbé e ka orí?

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Mùsùlùmí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ṣáájú wọn ń pe ara wọn. Ní àwọn ọdún 1970, èébú kan náà ni wọ́n ń bú gbogbo ọmọ Éṣíà ní ìgboro, ì báà kírun, ì báà lọ sí tẹ́ńpìlì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1978, wọ́n gún Altab Ali, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Bangladéṣì tó ń ránṣọ, pa ní ìtòsí Brick Lane nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tẹ̀ lé pósí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì olórí ìjọba. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Éṣíà dìde káàkiri. Ní Bradford ní 1981, wọ́n mú ọ̀dọ́ méjìlá tí wọ́n ti po àdó oníbẹtiróòlù sílẹ̀ de àwọn òyìnbó akórìíra. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀ ní ọdún kejì, ó gbà pé ara wọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Mùsùlùmí wà nínú àwọn méjìlá náà, Sikh wà, Híńdù wà. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì fi ń kún ara wọn mọ́ àwọn ọmọ Jàmáíkà àti ọmọ Áfíríkà.

Kenan Malik, òǹkọ̀wé tó dàgbà ní àkókò yẹn gan-an, sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2009 pé owó kánsù ló pa ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Nígbà tí mọ́ṣáláṣí ń gba owó ti mọ́ṣáláṣí, tẹ́ńpìlì ń gba ti tẹ́ńpìlì, kálukú lọ sídìí àwo tirẹ̀. Òtítọ́ pọ̀ nínú ohun tó sọ. Ohun tí n kò bá a gbà ni pé kò ka ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ sí nǹkan kan. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ọmọ náà ì bá má kírun mọ́ ká ní kánsù kò san owó.

Ìwé ìtàn àròsọ kan tí Salman Rushdie kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kà sí èébú sí ẹ̀sìn wọn, ló wá tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1988. Wọ́n jó ẹ̀dà rẹ̀ kan níná ní gbangba ní Bradford ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1989. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayatollah Khomeini ti Ìránì pàṣẹ pé kí wọ́n pa òǹkọ̀wé náà. Ariwo ìdájọ́ ikú náà bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Bradford ti kọ́kọ́ gba ọ̀nà òfin, wọ́n ní kí wọ́n lo òfin tó de ọ̀rọ̀-òdì sí Ọlọ́run. Èsì tí wọ́n gbà ni pé ẹ̀sìn Kristi nìkan ni òfin náà wà fún. Nínú àwọn tó jáde sí ìgboro ní ọdún yẹn, a rí ọ̀dọ́ tí kì í wọ mọ́ṣáláṣí rárá. Tariq Modood, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bristol, rí i lójú ẹsẹ̀ pé orúkọ aláwọ̀ dúdú kò bo àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́, pé ẹni tí wọ́n bá bú ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ̀sìn náà ni yóò fi dáhùn.

Àárín ìyá, baba àti ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù, ibẹ̀ sì ni àwọn oníwèé ìròyìn kì í sábà wò. Ìran kejì kò gbọ́ Úrúdù dáadáa, àwọn mìíràn kò gbọ́ Bẹ̀ńgálì ju ti inú ilé lọ. Ìwáásù àáfà tí wọ́n gbé wá láti abúlé kò yé wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Kùránì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń gbọ́ wáàsí lórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n pàdé ọmọ Sòmálíà, ọmọ Árábù àti òyìnbó tó gba ẹ̀sìn nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ní yunifásítì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbólóhùn tó wá di ohun ìjà wọn nínú ilé: àṣà yín nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ní Mirpur á ní kò sí yìgì tó dúró láìsí ìfọwọ́sí ìyàwó. Ó fẹ́ lọ kàwé ní ìlú mìíràn, ó ní dandan ni wíwá ìmọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin. Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń kírun, ó ní Ìsìláàmù kò mọ ẹ̀yà. Baba tó bá kọ̀ dà bí ẹni tí ń bá Ọlọ́run jà. Bí ọmọ náà sì ti ń borí baba rẹ̀ ni ó ń di Mùsùlùmí ju baba rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti rí ọ̀dọ́ tó kàwé ní Medina tó ń bá àáfà àgbà jà lórí owó fídáù ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin yóò mọ irú ìjà yìí dunjú, àmọ́ ti Ìlú Ọba le jù, nítorí èdè ti ya òbí àti ọmọ nípá.

Ẹjọ́ kan láti ìlú Luton fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ní 2002, Shabina Begum, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Denbigh, wọ jílíbáàbù wá sí kíláàsì. Ọ̀pọ̀ jùlọ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ Mùsùlùmí, ó ti fọ̀rọ̀ lọ àwọn mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó sì ti fọwọ́ sí ṣòkòtò àti ẹ̀wù gígùn ti ilẹ̀ Pakísítánì, pẹ̀lú ìborí. Ìlànà ọ̀pọ̀-àṣà ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ọmọbìnrin náà ní aṣọ yẹn kò tó, pé Híńdù àti Sikh náà ń wọ̀ ọ́, aṣọ Éṣíà ni, òun sì fẹ́ aṣọ Ìsìláàmù. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹ̀kọ́ ló sì borí ní oṣù Kẹta 2006. Àwọn tó kọ̀wé nígbà náà ní ẹ̀yìn àṣà ìbílẹ̀ ni ọmọ náà ń sá sí. Òdì kejì ni mo rí: àṣà ìbílẹ̀ gan-an ni ó kọ̀. Àwa náà ti ṣe irú ẹjọ́ yìí nílé. Ní oṣù Kẹfà 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkó láre pé wọ́n lè wọ híjáàbù sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní Faransé, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀pọ̀-àṣà rárá, òfin ti lé ìborí kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti 2004.

Ó wá yẹ ká fi ojú yìí wo ìwádìí tó dá ìjà sílẹ̀ jù. Ní oṣù Kìíní 2007, iléeṣẹ́ ìwádìí Policy Exchange gbé ìròyìn kan jáde, Munira Mirza ló ṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Nínú àwọn Mùsùlùmí tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 16 sí 24, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn yóò fẹ́ gbé lábẹ́ Ṣàríà ju òfin Gẹ̀ẹ́sì lọ. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọdún 55, ìdá 17 péré ni. Ìdá 74 nínú àwọn ọ̀dọ́ ló fẹ́ kí obìnrin Mùsùlùmí yàn láti máa lo ìborí. Nínú àwọn àgbà, 28. Ìwé ìròyìn gbé e kiri bí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ ń sá kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún un wò. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni èrò yìí ti wá, àwọn àgbà tí wọ́n bí síbẹ̀ ni ì bá ní i jù. Àwọn tí wọ́n bí sí Birmingham àti Leicester ló ní i. Mirza fúnra rẹ̀ sì rí i: ó dá ìlànà tó ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ lẹ́bi pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi ìyàtọ̀ ṣe ìdánimọ̀. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì kejì tí kò sọ ni pé ìbéèrè náà kò béèrè ohun tí Ṣàríà jẹ́ lọ́kàn ẹni tó ń dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò ju pé kó má jẹ èlé, kó má mu ọtí, kó sì ṣe yìgì bó ṣe tọ́. Ètò ìkànìyàn 2011 wá fi nǹkan mìíràn hàn: ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún Mùsùlùmí ní England àti Wales kọ ọ́ pé Bírítéènì tàbí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni orílẹ̀-èdè àwọn. Kò sí ìjà láàárín èsì méjèèjì lọ́kàn ẹni tó dáhùn wọn.

Ìbẹ̀rù ìjọba kì í ṣe àlá lásán, n kò ní fi pamọ́. Ní 2001, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀dọ́ Éṣíà àti òyìnbó ní Oldham, Burnley àti Bradford. Ìgbìmọ̀ Ted Cantle ròyìn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í pàdé níbì kankan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 2005, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin fi àdó olóró pa ènìyàn 52 nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Anthony Fatayi-Williams, ọmọ ọdún 26 tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, wà nínú àwọn tó kú. Ìyá rẹ̀ Marie ló dúró sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà tó ń bi gbogbo ayé pé ọmọ òun dà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí mẹ́ta nínú àwọn apànìyàn náà sí. Láti ìgbà yẹn ni àwọn olóṣèlú ti ń bú ìlànà ọ̀pọ̀-àṣà. Trevor Phillips, olórí àjọ ìdọ́gba ẹ̀yà nígbà náà, kìlọ̀ ní 2005 pé ìlú náà ń sùn rìn lọ sínú ìpínyà. David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, lọ sí Munich ní oṣù Kejì 2011, ó ní ìlànà náà ti kùnà.

Ẹni tó bá gbà pé gbígbé ní ọ̀tọ̀ ló ń bí apànìyàn, kó wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2013, Michael Adebolajo àti Michael Adebowale pa Lee Rigby, ọmọ ogun, ní ojú títì ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn. Kò sí mọ́ṣáláṣí abúlé Mirpur nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Ìdílé Kristẹni ni Adebolajo ti jáde, ó dàgbà ní Romford láàárín òyìnbó, ó sì gba Ìsìláàmù nígbà tó dàgbà tán. Òun náà kò jogún ẹ̀sìn rẹ̀ láti ilé. Ibi tó ti rí i ni òpópónà Lọ́ńdọ̀nù, lọ́wọ́ àwọn oníwàásù agbawèrèmẹ́sìn tí ìdájọ́ wọn rọrùn tí ọ̀rọ̀ wọn sì le. Ọ̀pọ̀ nínú wa dákẹ́ nígbà náà. A ní kì í ṣe ọmọ Yorùbá, a ní òyìnbó ló bà á jẹ́.

Èsì ìjọba ni ètò tí wọ́n ń pè ní Prevent, tí òfin 2015 sọ di ojúṣe ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ibi ìtọ́jú ọmọ pé kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tí ìpániláyà lè fà, kí olùkọ́ tàbí dókítà sì lè fi orúkọ ẹni tó bá fura sí ránṣẹ́. Ó ti dá àwọn kan dúró kí wọ́n tó ṣe ibi, èmi kò sẹ́ ẹ. Ó sì ti kọ́ ìran kan láti máa wo ẹnu olùkọ́ wọn kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò nípa Ìráàkì tàbí Gásà. Ọ̀rọ̀ Shamima Begum kún un. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó sá lọ bá àwọn apanirun Síríà ní 2015. Ní 2019, Sajid Javid, mínísítà tí òbí tirẹ̀ wá láti Pakísítánì, gba ìwé ọmọ-ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ ará Bangladéṣì nípasẹ̀ òbí rẹ̀. Bangladéṣì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí Shamima ṣe kò ṣe é gbè. Àmọ́ ọ̀dọ́ tí òbí rẹ̀ wá láti òkèèrè gbọ́ ohun tí ìdájọ́ náà sọ fún òun, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìrìnnà méjì náà sì wà nínú àwọn tó yẹ kó gbọ́.

Àwọn Mùsùlùmí tiwa kì í sábà sí nínú ìwé wọ̀nyí. Láàárín Mùsùlùmí England àti Wales, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Lórí Old Kent Road ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilé tó jẹ́ ilé ọtí Duke of Kent tẹ́lẹ̀ ni ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà sọ di mọ́ṣáláṣí; ẹgbẹ́ NASFAT náà ní ẹ̀ka ní Ìlú Ọba. Ipò ọ̀dọ́ Yorùbá Mùsùlùmí níbẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀. Àwọn òyìnbó kà á sí Kristẹni nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ Éṣíà kan ń bi í léèrè ìgbà tó gba ẹ̀sìn, bí ẹni pé Ìsìláàmù kò tíì dé Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó bí baba wọn. Nínú ẹbí tirẹ̀, ó ní àǹtí tó ń kọrin ní ṣẹ́lẹ́ àti àbúrò bàbá tó jẹ́ pásítọ̀, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Ọ̀mọ̀wé Amartya Sen kọ ọ́ ní 2006 pé ohun tí Ìlú Ọba ń ṣe kì í ṣe ọ̀pọ̀ àṣà, pé àṣà ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfarakanra ni. Ilé Yorùbá tako irú ètò bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí àpótí tí kánsù lè fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí kò rí ara rẹ̀ nínú àpótí kankan lè lọ gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ké sí i.

Lónìí, iye wọn ti pọ̀. Ètò ìkànìyàn 2021 ka Mùsùlùmí 3.9 mílíọ̀nù ní England àti Wales, ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, 2.7 mílíọ̀nù ni wọ́n. Ọjọ́ orí àárín wọn jẹ́ ọdún 27, ti gbogbo ìlú jẹ́ 40. Ìdá 32.7 nínú wọn ń gbé nínú ilé tó há jù fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 8.4 ni ti gbogbo ènìyàn. Àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín ọdún 16 sí 64 kò tó ìdajì. Ká sọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, èyí kò ní yí padà, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn onímọ̀ apá méjèèjì máa ń fi ojú ewé mẹ́wàá sọ ọ̀rọ̀ híjáàbù kí wọ́n tó fi ìlà kan sọ ti ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí náà tún ti ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Láti 2013, ètò ìṣínu gbangba tí Omar Salha dá sílẹ̀ ti ń pe ẹni gbogbo wá jókòó jẹun nínú ààwẹ̀. Ní 2023, wọ́n ṣe é ní pápá Stamford Bridge ti Chelsea. Ní 2021, Ìgbìmọ̀ Mùsùlùmí Bírítéènì yan Zara Mohammed, obìnrin ọmọ ọdún 29 láti Glasgow, ní akọ̀wé àgbà. Ní oṣù Keje 2024, inú tó ń bí wọn lórí Gásà gba àpótí ìbò kọjá: ẹgbẹ́ Labour pàdánù Leicester South, Blackburn, Dewsbury àti Batley, àti Birmingham Perry Barr fún àwọn olùdíje aládàáni. Ní Ilford North, Leanne Mohamad, ọmọ ọdún 23, fi ìbò 528 péré fìdí rẹmi fún Wes Streeting ti ẹgbẹ́ Labour. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn jàǹdùkú kọlu mọ́ṣáláṣí Southport nítorí irọ́ kan tó tàn ká pé Mùsùlùmí ló pa àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aládùúgbò, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, jáde sí ojú títì Walthamstow láti dènà wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, adájọ́ ti dá ilé ẹ̀kọ́ Michaela ní Wembley láre pé ó lè fòfin de ìrun kíkí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Adájọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ tó pe ẹjọ́ náà mọ irú ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ kó tó wọlé.

Nínú gbogbo àwọn tí mo kà, Modood ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ó gbà pé ẹgbẹ́ ènìyàn lè fi orúkọ ẹ̀sìn wọn jẹ́ ọmọ-ìlú, kí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ sì yí padà díẹ̀ nítorí wọn, bó ti yí padà fún àwọn Kátólíìkì àti àwọn Júù ṣáájú wọn. Àléébù tèmi sí i ni pé ẹgbẹ́ ló ń rí, kò rí ìjà tó wà nínú ẹgbẹ́, kò sì gbọ́ ọmọbìnrin tó ń fi Kùránì dáhùn baba rẹ̀. Cameron ṣìnà. Ohun tó kùnà ni ọgbọ́n kánsù tó ń wá àgbà kan tí yóò máa dáhùn fún gbogbo ọmọ, ó sì ti kùnà láti 1989. Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó ń kó ọmọ lọ sí ilé kéú ní Peckham àti ní Manchester, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìwáásù ní èdè tí wọ́n gbọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè níwájú àáfà, kí ẹ sì sọ ìtàn Shitta Bey fún wọn kí ẹlòmíràn tó sọ tirẹ̀.